Àìsàn Coeliac: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Ènìyàn Pa Búrẹ́dì Tì Kí Ó Tó Ṣe Àyẹ̀wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí inú wọn máa ń wú tàbí tí ó máa ń run lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ búrẹ́dì ni wọ́n máa ń fúnra wọn pa á tì kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti gbọ́n, pàápàá bí ara bá tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àìsàn tí a ń pè ní coeliac ni ó ń bá a jà, ìgbésẹ̀ yìí gan-an ni ó lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùgbé Ubeji, ìlú àwọn Itsẹkiri tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Warri ní ìpínlẹ̀ Delta, ní ọ̀nà tí ó yẹ fún àkíyèsí. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìfọpo rọ̀bì Warri ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978 ní agbègbè Ubeji àti Ekpan ni àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, àwọn Yorùbá pẹ̀lú, ti ń wá iṣẹ́ lọ sí ibẹ̀. Oúnjẹ àdúgbò náà ni usi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí sítáàṣì, èyí tí a ń rò láti inú ẹ̀gẹ́ tí a sì ń fi ọbẹ̀ bàńgà tàbí ọbẹ̀ owo jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní gbogbo ìlú ńlá Nàìjíríà, búrẹ́dì, ìndómì, mítípáì, púfúpúfù àti sẹ́mò náà ti di oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn oúnjẹ ìkẹyìn yìí ni àìsàn coeliac ń bá jà. Sítáàṣì kò sí lára wọn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì kí a tó ṣe àyẹ̀wò, ó sì tún ṣe pàtàkì lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni àìsàn coeliac?

Inú ọkà àlìkámà, ọkà bálì àti ọkà ráì ni a ti ń rí èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gluten. Òun ni ó ń mú kí fúláwà tí a fi omi pò máa fà láì já, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú nínú ààrò. Èròjà yìí kò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé inú ìfun ẹni tí ó ní àìsàn coeliac, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti àrùn yóò kà á sí ọ̀tá, wọn yóò sì ṣe ìfun náà léṣe níbi tí wọ́n ti ń bá a jà.

Ara ìfun kékeré ní àwọn nǹkan tínínní tí ó yọ jáde bí irun ara aṣọ ìnura. Àwọn ni wọ́n ń fa èròjà aṣaralóore inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹni tí ó ní coeliac, àwọn irun wọ̀nyí yóò máa kúrú, wọn yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà náà, ẹni náà lè máa jẹun yó lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ sì máa ṣe aláìní irin, fítámì àti àwọn èròjà tí ń mú egungun le.

Àìsàn yìí kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe àjẹjù ni ó ń fà á. Ó máa ń tọ ìdílé rìn. Bí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ní i, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ní i ju ẹlòmíràn lọ. Bákan náà ni ó rí fún àwọn tí ó ní irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ó gba abẹ́rẹ́ insulin.

Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnìkan nínú 100 ni ó ní àìsàn náà lágbàáyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ìgbà kan wà tí a gbà pé àìsàn àwọn òyìnbó nìkan ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 lórí àwọn ọmọ Sahrawi, àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà ní ilẹ̀ Áfíríkà, fi hàn pé ó tó 5.6 nínú 100 lára wọn tí ó ní i, iye tí ó ga ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ìwádìí tí a ti ṣe ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò pọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí dókítà tàbí aláìsàn gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú.

Bí a ṣe mọ̀ pé àlìkámà ni ó ń fà á

Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Gee, ṣe àpèjúwe àìsàn yìí lọ́nà tí ó kún ní ọdún 1888. Ó sọ pé bí ìwòsàn yóò bá wà rárá, inú oúnjẹ ni a ó ti rí i, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tí ó jẹ́ okùnfà. Dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Dicke, ni ó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ti ń fura sí àlìkámà kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàn mú ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1944 sí 1945 tí búrẹ́dì sì ṣọ̀wọ́n, àkíyèsí tí ó ṣe lára àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn yìí túbọ̀ fún ìfura rẹ̀ lágbára. Ní ọdún 1950, ó kọ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní ọdún 1956, Dókítà Margot Shiner ní ìlú London ṣe àlàyé ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè gba ẹnu kì bọ ìfun láti gé bíńtín nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ṣe àwárí èròjà inú ara tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń dojú kọ nínú àìsàn yìí. Láti inú àwárí náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò lónìí ti jáde.

Àwọn àmì rẹ̀

Lára àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, inú wíwú, inú rírun, afẹ́fẹ́ inú tí ó pọ̀ jù, rírù láìnídìí àti àárẹ̀. Ìgbẹ́ lè máa léfòó, kí ó sì máa rùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni inú máa ń yọ lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí a ó rí lára ẹlòmíràn ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn irin kò wò sàn. Ẹlòmíràn lè ní egungun tí ó tètè ń ṣẹ́, egbò ẹnu tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, àìrọ́mọbí, tàbí ara yíyún pẹ̀lú ìléróró ní ìgúnpá, orúnkún àti ìdí.

Ní ti ọmọdé, àìsàn náà lè fara hàn lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní bísíkíìtì, búrẹ́dì tàbí oúnjẹ ọmọ inú agolo tí a fi àlìkámà ṣe. Ọmọ tí ó ti ń dàgbà dáadáa yóò dúró sójú kan. Ikùn rẹ̀ lè yọ síwájú kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín, yóò sì máa kanra. Kí àwọn òbí má ṣe yára sọ pé ọwọ́ ayé ni, tàbí kí wọ́n máa fi àgbo dá a dúró láti oṣù dé oṣù. Àsìkò tí ó yẹ kí ọmọ fi dàgbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni coeliac

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni ó lè fa irú àwọn àmì wọ̀nyí, wọ́n sì wọ́pọ̀ ju coeliac lọ. Lára wọn ni aràn inú, kòkòrò Giardia tí ó máa ń wà nínú omi tí kò mọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ inú ìfun, kòkòrò HIV àti ọgbẹ́ inú. Àwọn wọ̀nyí ni dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ènìyàn máa ra oògùn táífọ́ọ̀dù lò léraléra lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn láìṣe àyẹ̀wò, nígbà tí àìsàn náà kò lọ.

Wàrà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Warri, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ni ó máa ń fi búrẹ́dì mu tíì tí a bu mílíìkì sí. Bí inú bá run lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, nígbà tí ó lè jẹ́ mílíìkì ni. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985 sí 1992, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ìfun àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń lo ṣúgà tí ó wà nínú wàrà. Wọ́n rí i pé àwọn Yorùbá tí ó ti dàgbà tí ara wọn lè lo ṣúgà yìí dáadáa kò pọ̀, nígbà tí ti àwọn Fúlàní darandaran sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, kì í sì í ba ìfun jẹ́. Dídín mílíìkì kù ti tó láti fi bójú tó o.

Ó tún yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín coeliac àti ohun méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni kí ara má gba àlìkámà rárá, tí ojú tàbí ètè yóò wú, tí ara yóò lé, tàbí tí mímí yóò ṣòro láìpẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá jẹ ẹ́. Èyí léwu, ó sì gba kí a sáré gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Èkejì ni àwọn tí gluten máa ń yọ lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ìfun wọn kò bàjẹ́. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó lè fi èyí hàn. Ìgbà tí a bá ti rí i dájú pé kì í ṣe coeliac ni dókítà tó lè sọ pé òun ni.

Bí a ti ń ṣe àyẹ̀wò

Ìgbésẹ̀ kìíní ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni a ń pè ní tTG-IgA. Ó ń wá èròjà ìjà tí ara ń pèsè nígbà tí gluten bá dé inú ìfun ẹni tí ó ní àìsàn náà. A gbọ́dọ̀ wọn gbogbo IgA inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé 2 sí 3 nínú 100 àwọn tí ó ní coeliac ni ara wọn kì í pèsè IgA tó. Bí a kò bá wọ̀n ọ́n, èsì irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dà bí èyí tí ó dára nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn tí a ń pè ní EMA ni a fi ń kín ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni wíwo inú ìfun. Dókítà tí ó mọ̀ nípa àìsàn inú yóò ki ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán lórí gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ìfun kékeré. Yóò gé bíńtín bíńtín ní ibi mélòó kan, nítorí pé ìbàjẹ́ náà kì í sábà tàn ká dọ́gba. A kò la ikùn, a sì máa ń lo oògùn láti mú kí ó rọrùn fún aláìsàn. Nínú yàrá àyẹ̀wò ni a ó ti fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo bóyá àwọn irun ìfun ti tẹ́. Ní ti àwọn ọmọdé kan, bí tTG-IgA bá ju ìlọ́po 10 iye tí ó yẹ lọ, tí EMA nínú ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí a tún gbà sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí dókítà fi èsì ẹ̀jẹ̀ nìkan ṣe ìpinnu.

Àyẹ̀wò àbímọ́ni tún wà, èyí tí ń wá HLA-DQ2 àti DQ8. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò lè ní coeliac. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ni ó ní wọn, nítorí náà níní wọn kò fi hàn pé ènìyàn ní àìsàn náà.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a máa jẹ búrẹ́dì títí àyẹ̀wò yóò fi parí

Àyẹ̀wò wọ̀nyí kì í wá kòkòrò tí ó lúgọ sínú ara. Ìjà tí ara ń bá gluten jà ni wọ́n ń wá. Bí gluten kò bá wọlé mọ́, ìjà yóò rọ̀, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa dínkù, ìfun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ẹni tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè gba èsì tí yóò sọ pé kò ní coeliac. Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò padà sídìí búrẹ́dì, ìbàjẹ́ yóò sì máa bá a lọ ní ìkọ̀kọ̀.

Ìlànà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015 ni pé kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò máa jẹ oúnjẹ tí ó ní gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6. Níbi tí a ti ń jẹ búrẹ́dì láti àárọ̀ dé alẹ́, èyí kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ní Ubeji, ènìyàn lè fi iṣu àti ọbẹ̀ ata jẹun ní àárọ̀, kí ó jẹ ẹ̀bà ní ọ̀sán, kí ó sì fi sítáàṣì àti bàńgà sùn, láìfi ẹnu kan àlìkámà fún ọjọ́ púpọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀ pa búrẹ́dì tì, síbẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lè má jẹ́ òtítọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ó sọ fún dókítà gan-an ohun tí ó ń jẹ láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí ó má sì dúró de ìgbà tí a ó béèrè.

Ẹni tí ó ti pa búrẹ́dì tì tẹ́lẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kí àyẹ̀wò lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n abẹ́ ìtọ́jú dókítà ni kí ó ti ṣe é, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé, aláboyún tàbí ẹni tí ó ti rù gan-an. Ẹni tí àlìkámà máa ń mú kí ojú rẹ̀ wú tàbí kí mímí ṣòro fún kò gbọdọ̀ dán an wò rárá.

Ibi tí a lè lọ

Láti Ubeji, dókítà ní ilé ìwòsàn Central Hospital ní Warri tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni tí ó péye ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí. Bí ó bá yẹ kí a wo inú ìfun, ó lè kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Delta ní Oghara, tàbí ti yunifásítì Benin ní ìlú Benin. Kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ni ó ń ṣe tTG-IgA, òmíràn máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ó dára kí a béèrè iye owó rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí èsì yóò gbà kí a tó fa ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde

Bí èsì bá fi hàn pé coeliac ni, kò sí oògùn tí a ó máa gbé mì fún un. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ènìyàn pa gluten tì pátápátá títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ìfun àgbàlagbà lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó sàn tán. Dókítà yóò tún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti rí i pé irin, folic acid àti àwọn fítámì ti tó, àti pé tTG-IgA ń lọ sílẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá rẹ̀ náà ṣe àyẹ̀wò.

Ibí yìí ni oúnjẹ ilẹ̀ wa ti di ìrànlọ́wọ́ ńlá. Ní ilẹ̀ òkèèrè, owó ńlá ni aláìsàn fi ń ra búrẹ́dì tí kò ní gluten. Ní Ubeji, sítáàṣì, gàrí, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹja àti ẹran kò ní gluten nínú. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti àmàlà náà kò ní in.

Ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra. Púpọ̀ nínú sẹ́mò ni a fi àlìkámà ṣe. Epo tí a fi dín púfúpúfù kò yẹ láti fi dín àkàrà aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó lọ àlìkámà tán kò yẹ kí ó lọ ẹlùbọ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé a fọ̀ ọ́. Bíà àti mọ́ọ̀tì lè ní ọkà bálì nínú. Ègé pẹlẹbẹ tí a ń pín nínú ìjọ nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sábà máa ń jẹ́ ti àlìkámà, nítorí náà kí aláìsàn bá àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ dára fún un. Nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ìjọba ní kí a fi kún fúláwà búrẹ́dì, èyí tí ó kù sì jẹ́ àlìkámà. Lára ohun tí a dì, kí a wo ibi tí wọ́n kọ wheat, barley tàbí malt sí. Èyí tí ó bá ní àkọlé gluten-free lábẹ́ ìlànà àgbáyé kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráámù 20 gluten lọ nínú kílógíráámù kan.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò le: bí inú bá ń run fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó láìnídìí, tàbí tí ọmọ kò dàgbà bí ó ti yẹ, kí a lọ rí dókítà, kí a sì sọ ohun tí à ń jẹ fún un. Kí a máa jẹ búrẹ́dì títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, bí èsì bá fi hàn pé coeliac ni, kí a dá a dúró láìboju wẹ̀yìn. Ìlera loògùn ọrọ̀.